Bí mo ṣe yẹ ààlà omi méjì wò lójú òkun Àgbádárìgì

Ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, nígbà tí odò Ouémé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bá kún, omi rẹ̀ a máa gba ọ̀sà Nokoué já sínú òkun ní Kútọnu, ìṣàn òkun tó ń lọ síhà ìlà-oòrùn sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àsìkò yẹn ni mo bá bàbá apẹja kan, ọmọ Ògù, wọkọ̀ láti Gberefu, etíkun kan ní Àgbádárìgì.

A kò tíì rìn jìnnà tí a fi rí ìlà ìfófó gbọọrọ tí ojú-oró àti igi wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́. Omi ìhà ilẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ti agbami mọ́ gaara. Mo bu omi níhà kọ̀ọ̀kan, mo ki tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́. Ìgbóná wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òtútù ló pààlà wọn, iyọ̀ ni n ó wá. Ní etíkun Gánà, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, òtútù ni ì bá pààlà, nítorí omi ìsàlẹ̀ a máa gòkè, ojú òkun tó sábà ń tó dígírì 28 a sì lè wálẹ̀ kọjá 25.

Mo wá ju háhá àgbọn sí ìhà méjèèjì. Díẹ̀díẹ̀ ni ti ìhà ilẹ̀ ń bọ̀, ti agbami náà ń bọ̀, títí wọ́n fi pàdé nínú ìfófó, wọn kò sì kọjá ibẹ̀. Bí omi bá wọ́ pàdé láti ọ̀tún àti òsì, tí kò sì ga sókè, ìsàlẹ̀ ló ń gbà lọ: èyí tó wúwo ń rì sábẹ́ èyí tó fúyẹ́, ohun tó lè léfòó nìkan ló ń ṣẹ́kù sókè. Bàbá ní, “Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ṣáwá ti ń jẹun.” Mo gbà á gbọ́, nítorí ibi tí pàǹtí bá kó jọ sí, oúnjẹ ẹja kì í wọ́n níbẹ̀.

Kí a tó padà, mo so òjé àwọ̀n mọ́ ìgò tí mo dé, mo sọ ọ́ sísàlẹ̀ níhà ilẹ̀, mo sì fi okùn fa ìdérí rẹ̀ yọ nígbà tó jìn dáadáa.

Nílé, mo wọn lítà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rọra sè é gbẹ kí iyọ̀ má baà ta dànù, mo sì gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ti agbami sún mọ́ gíráàmù 35, bí omi òkun ṣe máa ń rí. Ti ojú omi ìhà ilẹ̀ kò tó 30. Ṣùgbọ́n ti ìgò olójéé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti agbami dọ́gba: omi rúsúrúsú náà kàn tẹ́ pẹlẹbẹ sórí ni, òkun gan-an ló wà lábẹ́ rẹ̀.