Ṣíìmù onípákó fún ọrùn gìtá: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Gìtá mi jẹ́ irú Stratocaster (gìtá oníná kan), síkúrù mẹ́rin ló de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara. Mo ti sọ saddle (irin kéékèèké tí okùn gùn lé lórí bridge, níbi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá) kalẹ̀ tán, okùn ṣì ga. Mo ká páálí sábẹ́ ìdí ọrùn. Okùn wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) ìparí wá ń pariwo. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Páálí yẹn ni. Ìdí ọrùn nìkan ló gbé sókè, àlàfo wà níwájú rẹ̀, síkúrù sì ń fa igi sínú àlàfo náà títí igi fi tẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Ṣíìmù, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tó kún gbogbo kòtò tí ọrùn jókòó sí, tí apá kan rẹ̀ nípọn ju èkejì lọ, ni kí ẹ fi dípò rẹ̀: bíi 76mm ní gígùn, 56mm ní ìbú. Ẹ wọn tiyín o, gìtá olówó pọ́ọ́kú kì í sábà bá ìwọ̀n yìí mu.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe yẹ kó nípọn tó?

Ìdáhùn: Ìyàtọ̀ láàárín bí orí ṣíìmù náà ṣe nípọn àti bí ìdí rẹ̀ ṣe nípọn ló ń ṣiṣẹ́. Lórí irú gìtá yìí, ìyàtọ̀ 0.5mm á fún saddle láàyè láti gòkè ní nǹkan bí 1.7mm. Ibi tó nípọn gbọ́dọ̀ kọjú sí bridge. Bẹ́ ẹ bá yí i padà, okùn á tún ga sí i.

Ìbéèrè: Mi ò ní ẹ̀rọ. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí káfíńtà rẹ́ àpá tàbí ìrókò sí 2mm, kí fọ́nrán igi gba gígùn ọrùn lọ. Àrèré ò dáa, ó rọ̀, síkúrù á tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tó tẹ́ dáadáa. Ẹ lẹ káàdì ATM tó ti kú (0.76mm) sí ìparí kan, káàdì Whot tí ẹ ti wọ̀n tó sún mọ́ 0.3mm sí ìkejì. Téèpù kan náà ni kó wà lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n á yẹ̀. Ẹ wá lẹ sáńpépà 80 mọ́ igi títẹ́ tó gùn ju 12cm lọ, kó lè dé orí káàdì méjèèjì, kí ẹ máa fi ha ṣíìmù náà. Bó bá ti ń ha káàdì méjèèjì, ẹ dúró. Ẹ bo imú, eruku ìrókò kò ṣe é fà símú.

Ìbéèrè: Ihò síkúrù ńkọ́? Ṣé kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ lu ihò 5mm nígbà tí ṣíìmù ṣì lẹ̀ mọ́ pákó, torí tó bá ti kúrò, á ya. Ihò náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju síkúrù lọ: síkúrù tó bá gé ṣíìmù mú kò ní jẹ́ kí ọrùn wọlé dáadáa. Gọ́ọ̀mù kò pọn dandan.