Tí ẹ bá ń kọ nípa tíì, ẹ kọ bí ẹ ṣe pò ó

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ fẹ́ràn tíì, "ó korò" nìkan ò tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ìwọ̀n ewé, bí omi ṣe gbóná tó, àti iye ìṣẹ́jú tí ewé lò nínú omi. Omi híhó tètè máa ń mú kí green tea korò, ẹ̀bi ewé kọ́. Omi bíi 80°C ló bá a lára mu. Tíì dúdú ò kọ omi híhó ní tiẹ̀. Ẹ gbóòórùn ewé tó ti rin. Kí ẹ sì tún tọ́ tíì náà wò nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́: adùn tí ooru bò mọ́lẹ̀ á yọjú. Ìyẹn gan-an ni mo máa ń wá nínú ohun tí ẹ bá kọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ fi ṣúgà sí i, ẹ sọ fún wa.