Bí mo ṣe yanjú píìnì tí kò wọ igi tán

Aṣọ àwọn àga ìjẹun wa ni mo ń pààrọ̀. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ó sì le gan-an. Staple gun (irinṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbá píìnì wọ igi) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nílé kò ká a: píìnì á wọlé dé ìdajì, èjìká ẹ̀ á yọ síta, tí mo bá sì fa aṣọ, á tú. Òmíràn tiẹ̀ ń ká lẹ́sẹ̀ bí ẹsẹ̀ eéṣú.

Mo fi píìnì mílímítà 8 rọ́pò 12. Lórí igi líle, kúkúrú ló ń wọlé tán. Igi rírọ̀ bí àràbà ni ti gígùn. Mo tún ra gun onírin tó ń lo irú píìnì tí wọ́n ń pè ní T50, tó ní súkúrù tí wọ́n fi ń fi kún agbára sípíríǹgì ẹ̀. Mo lọ́ ọ dé òpin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nọ́ńbà ara gun kí ẹ tó ra píìnì. Píìnì T50 nípọn, irú kejì tí wọ́n ń pè ní 53 tín-ín-rín, ó sì fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ. Bí ẹ bá ki ọ̀kan sínú gun èkejì, á há ni.

Bí ẹ ṣe dì í mú náà ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá tẹ ọwọ́ gun, orí ẹ̀ máa ń fẹ́ fò sókè, agbára á sì ṣòfò. Àtẹ́lẹwọ́ kejì ni mo fi ń tẹ imú ẹ̀ mọ́ igi gírígírí. Àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fi igun sẹ́yìn. Èyí tó bá ṣì yọ díẹ̀, òòlù kékeré ló ń parí ẹ̀.