Bí mo ṣe gba owó ìrànwọ́ Kòrónà fún oko ewúrẹ́ mi ní Texas

Ewúrẹ́ ni mò ń sìn ní káúńtì kan ní Texas tí oko ti pọ̀ ju ilé lọ. Àwọn Yorùbá Houston ló ń ra ẹran mi jù: ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n ti àwọn gbọ̀ngàn ayẹyẹ pa, òbúkọ tó yẹ kí wọ́n ti rà láti oṣù kẹrin ṣì wà lọ́gbà mi ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń jẹ koríko tí mò ń fowó rà.

Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ṣí owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CFAP, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn ni mo rí nínú ẹran tí wọ́n dárúkọ. Ó dùn mí gan-an. Ìpele kejì ló gba ewúrẹ́ wọlé. Wọ́n ṣí i ní 21 oṣù kẹsàn-án, 11 oṣù kejìlá sì ni gbèdéke. Wọn kò ka orí ẹran fún wa bíi ti màlúù. Iye tí àgbẹ̀ tà ní 2019 ni wọ́n ń wò: ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá tó $50,000 yóò gba ìdá 10.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ẹran tí a tà fún ẹni tó fẹ́ sìn ín kó lè máa bímọ kò sí nínú ìṣirò.

Mo pe ọ́fíìsì FSA, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ àgbẹ̀, lórí fóònù, torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọlé nígbà náà. Obìnrin tó gbé e ní sùúrù. AD-3117, fọ́ọ̀mù tí a fi béèrè owó náà, kò le fúnra rẹ̀. Àmọ́ torí pé n kò bá wọn da nǹkan pọ̀ rí, mo tún kọ AD-2047 tó ń sọ ẹni tí mo jẹ́, CCC-941 lórí owó tó ń wọlé fún mi, AD-1026 lórí ilẹ̀, àti ti báńkì.

Níbi iye tí mo tà ni iṣẹ́ wà. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, tó ń fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè ẹ̀rí lẹ́yìn náà. Ìdajì owó mi ló sì jẹ́ kéèṣì. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìwé báńkì àti ìwé tí ìyàwó mi ń kọ ọjà sí. Ibi tí kò bá ti yé wa, mo pe oníbàárà. Ìyá alásè kan tó ra ẹran mọ́kànlá lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn ní, "Ọmọ mi, dúró ná, mo kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà." Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. N kò ní gbàgbé oore yẹn.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $18,400. Mo yọ $2,400 tí mo ta abo fún àwọn tó fẹ́ sìn wọ́n, ó ku $16,000. $1,696 wọ báńkì mi kí ọdún tó parí. Koríko ìgbà òtútù ni mo fi rà.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń sin ẹran kò kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní àwọn ò ní ìwé kankan, pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fún irú wa. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ìpele kejì ní 5 oṣù kẹrin 2021, mo mú ìwé tuntun àti bírò, mo wakọ̀ lọ bá wọn. Ìyàwó wọn kó ìwé báńkì 2019 sórí tábìlì, a sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní.