Bí ẹ ṣe lè jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín to kóòdù, kí ìtàn iṣẹ́ náà má sì dàrú

Ẹ̀yin ọmọ FUNAAB tẹ́ ẹ máa ń gbé laptop wá bá mi ní Lafẹ́nwá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ti bi mí títí pé kí ló dé tí mo fi ń pariwo formatter, ètò tó ń bá yín to kóòdù, kẹ́ ẹ tó fi kóòdù ránṣẹ́ sí iṣẹ́ open source èyíkéyìí, ìyẹn iṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Torí dátà yín ni, àti torí ọjọ́ yín.

Ẹni tó máa yẹ kóòdù yín wò lè máa gbé Kalifọ́níà. Nígbà tó bá jókòó sídìí iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tiẹ̀, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Abẹ́òkúta. Tó bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlàfo ìlà kẹwàá pọ̀ jù, pé irú àmì àyọlò báyìí kọ́ làwọn ń lò, ó lè di alẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i. Bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, ó dọ̀la nìyẹn. Kò sí ẹni tó tíì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ gidi tẹ́ ẹ ṣe, odidi ọjọ́ kan sì ti lọ sórí àlàfo lásán. Ẹni tóun àti àwọn tó ń yẹ kóòdù rẹ̀ wò jọ ń jí lásìkò kan náà kò lè mọ bó ṣe ń dunni tó.

Formatter ni ètò tó ń ka kóòdù, tó sì ń tún un tò fúnra rẹ̀: ibi tí ìlà máa ti ṣẹ́, iye àlàfo, ibi tí kọ́mà máa wà. Kò gbọ́dọ̀ yí ohun tí kóòdù náà ń ṣe padà. Èdè Go ní gofmt, Prettier wà fún JavaScript, clang-format fún C àti C++, Black fún Python. Black ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí Python ni ọ̀pọ̀ yín ń kọ. Lẹ́yìn tó bá to fáìlì tán, ó tún máa ń wò ó bóyá ìtumọ̀ kóòdù náà ṣì dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀; bí kò bá dọ́gba, kò ní fọwọ́ kan fáìlì náà. Lẹ́tà 88 ló ń gbà sórí ìlà kan, àyàfi bẹ́ ẹ bá yí i. Èmi ì bá fẹ́ 79, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Ohun tó dáa nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn: kò bi ẹnikẹ́ni, àríyànjiyàn parí.

Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ṣí fódà iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ wá àwọn fáìlì bíi pyproject.toml, .pre-commit-config.yaml, .editorconfig tàbí .clang-format. Ibẹ̀ ni àwọn tó ni iṣẹ́ ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀dà formatter tí wọ́n kọ síbẹ̀, òun gan-an ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sáré lọ gba èyí tó jáde kẹ́yìn. Black máa ń tún ìlànà rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú oṣù Kìíní, nítorí náà ẹ̀dà ọdún tó kọjá àti tọdún yìí lè to fáìlì kan náà lọ́nà méjì. Bẹ́ ẹ bá lo èyí tí kì í ṣe tiwọn, ẹ máa fi ìlà tí ò kàn yín ránṣẹ́.

Bí wọ́n bá ń lo pre-commit, ètò tó máa ń pe formatter fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ṣe commit (ìyẹn kẹ́ ẹ fi àtúnṣe yín sínú ìtàn iṣẹ́ tí Git ń tọ́jú), àṣẹ méjì péré ni:

pip install pre-commit
pre-commit install --install-hooks

Ẹ má fo apá tó gbẹ̀yìn yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣe commit ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ gba àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí dátà ti tán ni. Ẹ ṣe é níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Lẹ́yìn náà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ lè jókòó sínú yàrá láìní dátà kankan, gbogbo commit yín á máa jáde ní títò.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi formatter to fáìlì ẹni tí ò rán yín níṣẹ́. Linux ti ní fáìlì .clang-format láti ọdún 2018, síbẹ̀ wọn ò tíì fi to gbogbo kóòdù wọn pọ̀. Bẹ́ ẹ bá tún ìlà méjì ṣe níbẹ̀, tẹ́ ẹ wá to odidi fáìlì, wọ́n máa dá a padà ni. Àṣẹ tó wúlò nírú ibẹ̀ ni:

git clang-format

Ìlà tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn nìkan ló máa tò.

Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wọn tọ́jú iṣẹ́ ńlá, tẹ́ ẹ fẹ́ to gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣeé ṣe. Firefox ṣe é fún kóòdù C++ rẹ̀ ní ìparí ọdún 2018, ìlànà Google ni wọ́n sì gbà. Django fi Black to gbogbo tiẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022. Kì í ṣe títò gan-an ló le, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni.

Ẹ pín in sí commit mẹ́ta. Èkíní, ẹ fi ìlànà sílẹ̀: pyproject.toml àti nọ́ńbà ẹ̀dà formatter. Èkejì, ẹ ṣe black . kẹ́ ẹ sì fi èsì rẹ̀ nìkan sínú commit. Ẹ má fi àtúnṣe kankan pamọ́ sínú rẹ̀, ì báà jẹ́ lẹ́tà kan tẹ́ ẹ ṣì tẹ̀. Ẹ kọ àṣẹ tẹ́ ẹ lò sínú ọ̀rọ̀ commit náà, kí ẹlòmíràn lè ṣe é fúnra rẹ̀ kó wò ó bóyá òun náà máa bá ohun kan náà.

Ẹ̀kẹta wà fún git blame, àṣẹ tó ń fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn hàn. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, gbogbo ìlà ló máa sọ pé ẹni tó tò ó ló kọ ọ́, ẹni tó mọ ìdí tí ìlà náà fi wà á sì sọnù. Láti Git 2.23, tó jáde lọ́dún 2019, ẹ lè ní kí blame fo commit kan. Ẹ ṣe fáìlì kan tẹ́ ẹ máa pè ní .git-blame-ignore-revs, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà commit kejì sínú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà ogójì, láìgé e kúrú. GitHub mọ orúkọ fáìlì yẹn, á lò ó fúnra rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ sọ fún Git lẹ́ẹ̀kan:

git config blame.ignoreRevsFile .git-blame-ignore-revs

Ẹ dúró kí commit kejì wọ main, ẹ̀ka pàtàkì iṣẹ́ náà, ná kẹ́ ẹ tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe squash (pa commit pọ̀ di ọ̀kan) tàbí rebase (tún commit gbé ka orí òmíràn) nígbà tí wọ́n ń gbà á wọlé, nọ́ńbà tẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti yí padà nìyẹn, fáìlì yín á máa tọ́ka sí ohun tí kò sí.

Àwọn tí pull request wọn, ìyẹn àtúnṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ gbà wọlé, ṣì ṣí sílẹ̀ ló máa pariwo jù, wọ́n sì jàre. Ẹ ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì yan àsìkò tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ bá kéré. Ohun tí màá ní kí wọ́n ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ ká pe commit títò náà ní F:

git fetch upstream
git merge F^
black .
git commit -am "Black"
git merge -s ours F
git merge upstream/main

upstream ni orúkọ tí wọ́n fún ibi ìpamọ́ kóòdù àwọn tó ni iṣẹ́, F^ sì ni commit tó ṣáájú F gẹ́lẹ́. Bí ìjà gidi bá wà láàárín iṣẹ́ yín àti tàwọn yòókù, ibẹ̀ lẹ ó ti parí rẹ̀, nígbà tí ẹni kankan kò tíì to nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ to tiyín, kẹ́ ẹ wá sọ fún Git pé kó ka F sí ohun tó ti wọlé, ṣùgbọ́n kó fi fáìlì yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Àbí ẹ rí ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi nǹkan míràn pamọ́ sínú F? -s ours máa ju ohun tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ síbẹ̀ nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi àyẹ̀wò sínú CI pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yẹ kóòdù wò fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi í ránṣẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè fo pre-commit lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀:

black --check --diff .

Fún clang-format, --dry-run --Werror ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi ojú sí SortIncludes nínú tiẹ̀: bó bá to àwọn ìlà #include tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì, kóòdù lè kọ̀ láti kọ́ńpáìlì. Níbi tí ẹ bá sì ti fi ọwọ́ to tábìlì nọ́ńbà kó lè rọrùn láti kà, ẹ kọ # fmt: off sókè rẹ̀ àti # fmt: on sísàlẹ̀. Tábìlì nìkan o. Mo ti rí ẹni tó fi off sórí odidi fáìlì torí pé bó ṣe ń ṣẹ́ ìlà ló wù ú jù. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní kó yọ ọ́ kúrò, ó sì di ọjọ́ kejì kó tó rí èsì náà.