Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ tó ná wa lówó: ìrírí mi nígbà tí a jábọ̀ èéfín ilé-iṣẹ́ wa fún ìjọba Amẹ́ríkà

Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tún ẹ̀rọ kóòdù rúùmù ṣe fi bílì ránṣẹ́ pé kí á sanwó kí àwọn tó lè wo ìwé tiwọn fúnra wọn. Kì í ṣe owó iṣẹ́ o. Owó pé wọ́n máa ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n á wo iye gáàsì tí wọ́n ti rọ sínú ẹ̀rọ wa láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n á wá sọ ọ́ fún wa. Gáàsì tí a ti sanwó rẹ̀ tán! Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń bí mi nínú, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn pè ní ọ̀fẹ́ ti di iṣẹ́ olówó ńlá.

Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni a wà. Oúnjẹ dídì ni a ń tà: ẹja, adìyẹ, ẹ̀fọ́, àti oúnjẹ ilé tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Gánà máa ń wá kiri. A ní kóòdù rúùmù, a ní ọkọ̀ akẹ́rù, èmi ni mo sì ń bójú tó ẹ̀rọ. Oníbàárà wa kan tó tóbi ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo àwọn tó ń kó ọjà fún un léèrè pé, kí ni iṣẹ́ yín ń tú sínú afẹ́fẹ́? Ọ̀gá mi ní kí n wá ọ̀nà tí a máa fi jábọ̀ rẹ̀ fún ìjọba, kó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ètò kan wà nígbà náà fún irú rẹ̀. Òfin agbára tí Ààrẹ George H. W. Bush fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1992 ló dá a sílẹ̀. Abala 1605(b) ni ó wà nínú òfin náà, orúkọ yẹn sì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń pè é. Energy Information Administration, EIA, tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, ló ń gba ìjábọ̀ náà. Wọn ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wù ló ń ṣe é. Èéfín ọdún 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná ló pọ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù EIA-1605 kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí ọ̀gá mi sì gbọ́ nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn.

Oríṣi gáàsì mẹ́fà tó ń mú ayé gbóná ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: carbon dioxide, methane, nitrous oxide, àwọn HFC, àwọn PFC, àti sulphur hexafluoride. Ní irú iṣẹ́ tiwa, méjì ló ṣe pàtàkì: carbon dioxide tó ń ti ara ọkọ̀ àti iná mànàmáná wá, àti HFC tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú kí oúnjẹ dì.

Mi ò ní fi dísẹ́ẹ̀lì àti iná mànàmáná fa ọ̀rọ̀ gùn. Bílì wà, iye gálọ̀nù wà lórí rẹ̀, iye kilowatt-hour wà lórí rẹ̀. Gálọ̀nù dísẹ́ẹ̀lì kan máa ń tú carbon dioxide tó lé díẹ̀ ní páùn 22 jáde. Ẹ fi iye gálọ̀nù sọ ọ́ di púpọ̀, ó parí. Àǹtí tó ń bójú tó ìwé owó wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti to gbogbo bílì sínú páálí lọ́dọọdún, ó sì kọ ọdún sí ara páálí kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni.

Gáàsì ẹ̀rọ ló dá wa dúró.

R-404A ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ lára àwọn kóòdù rúùmù wa. HFC ni, kì í ba ozone, ìpele òfuurufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn, jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi lò ó rọ́pò àwọn gáàsì àtijọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbára tó ní láti mú ayé gbóná. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú-ọjọ́, gbé jáde lọ́dún 2007, kílò kan R-404A tó bá jò sínú afẹ́fẹ́ máa ń mú ayé gbóná láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó bí carbon dioxide kílò 3,922. Sìlíńdà kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, páùn 24 ló wà nínú rẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá jò dànù, ó tó carbon dioxide tó lé ní tọ́ọ̀nù 42, ìyẹn ni pé ó ju gálọ̀nù dísẹ́ẹ̀lì 4,000 tí a jó nínú ọkọ̀ lọ. Sìlíńdà kan ṣoṣo! Ẹni tó bá ka dísẹ́ẹ̀lì tí kò ka gáàsì ẹ̀rọ dà bí ẹni tó ń lé èèrà nígbà tí ejò ká jọ sí abẹ́ ibùsùn.

Mo wá kó àwọn ìwé owó àtúnṣe jáde. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé àwọn wá, àwọn yẹ ẹ̀rọ wò, àwọn fi gáàsì kún un. Páùn mélòó? Wọn ò kọ ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ọdún tó ṣáájú, bákan náà. Ọmọkùnrin kan wà lára àwọn tó máa ń wá tún ẹ̀rọ náà ṣe, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọlúàbí ni. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, báwo lẹ ṣe ń mọ iye gáàsì tí ẹ rọ síbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n. A máa ń rọ ọ́ títí ojú gíláàsì tó wà lára páìpù á fi mọ́, tí a ò ní rí ìhó nínú rẹ̀ mọ́. Tó bá ti mọ́, ó ti tó nìyẹn."

"Ìwé ọ́fíìsì yín ńkọ́?"

"Ti R-22 nìkan ni wọ́n máa ń kọ, ẹ̀gbọ́n."

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà lọ́dọ̀ wa tó ṣì ń lo R-22, gáàsì àtijọ́ tó ń ba ozone jẹ́. Òfin EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, sọ nígbà náà pé ẹ̀rọ tó bá gba páùn 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú irú gáàsì tó ń ba ozone jẹ́, ẹni tó bá tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ iye tó fi kún un sílẹ̀. Ìwé R-22 wa mọ́ tónítóní: déètì, páùn, ìdí tó fi jò. R-404A kò sí lábẹ́ òfin àkọsílẹ̀ yẹn. Láti ọdún 1995 ni ó ti jẹ́ èèwọ̀ kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ tú HFC sáfẹ́fẹ́, àmọ́ kíkọ iye tó jò sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fi dandan lé e nígbà náà. Torí náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, nínú ọgbà kan náà, á kọ ti ẹ̀rọ kan, wọn ò ní kọ ti èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Òṣùwọ̀n wà nínú ọkọ̀ wọn. Wọn ò kàn ṣe é ni, torí kò sẹ́ni tó máa mú wọn.

Ìgbà tí mo kọ̀wé sí ọ̀gá wọn ni bílì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dé. A san án, nítorí a rò pé ọ́fíìsì á ní nǹkan tí ọmọkùnrin yẹn kò mọ̀. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà ni àkójọ déètì ọjọ́ tí wọ́n wá. Déètì! Ó wà lórí ìwé owó tó wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó ka ìwé tiwa sí wa létí.

Agbaninímọ̀ràn kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ̀lú wa, tó ń gba owó ní wákàtí-wákàtí. Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀, mi ò sì fara mọ́ ọ̀kankan. Ó ní, lábẹ́ ìlànà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, ẹni tí èéfín rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 10,000 lọ́dún lè jábọ̀ lórí irú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí á jábọ̀ ọkọ̀ nìkan, kí á fi gáàsì sílẹ̀. Ìlànà gbà á láyè lóòótọ́. Ọ̀nà kejì ni pé kí á mú ìdá tí ìwé fi ń díwọ̀n bí kóòdù rúùmù ṣe máa ń jò, kí á fi ṣírò tiwa. Ìlànà yẹn náà ló tún ń fi A, B, C àti D díwọ̀n bí ọ̀nà ìṣirò kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó. A jẹ́ mẹ́rin, D jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìdínkù èéfín rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìpíndọ́gba rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju mẹ́ta lọ. Ìdá inú ìwé kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni. Kò lè sọ fún mi kóòdù rúùmù wo ló ń jò.

Ọ̀gá mi rọ̀ mọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ díẹ̀, torí owó ti ń lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i." Òfin 1992 yẹn sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá jábọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé ohun tó kọ péye. Mo ní tí oníbàárà wa bá wọlé, tó rí kóòdù rúùmù lọ́tùn-ún lósì, tó wá rí i pé ọkọ̀ nìkan ni a kọ, kí ni a máa sọ fún un? Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò tún sọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan mọ́.

Àǹtí ló tú okùn náà. Ó jókòó ti páálí rẹ̀, ó ń yẹ ìwé owó wò, ó wá bi mí pé, "Ẹ ò rí i pé owó gáàsì yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ níbí? Iye wo ni wọ́n ń ta páùn kan fún wa lọ́dún yẹn?" Ìwé àdéhùn tí a ń bá wọn ṣe lọ́dọọdún ló dáhùn. Iye owó páùn kan wà níbẹ̀, ọdún dé ọdún. A pín owó gáàsì orí ìwé owó kọ̀ọ̀kan sí iye páùn kan, páùn sì jáde. Àwọn tó ní àwọn kò wọ̀n ọ́n mọ iye tí wọ́n máa gbà lórí rẹ̀ dáadáa.

Mi ò fi ìyẹn mọ. Mo ní kí wọ́n fa gáàsì inú ẹ̀rọ kan jáde sínú sìlíńdà, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú mi, kí wọ́n dá a padà, kí á sì fi ohun tó kù wé iye tó wà lára ẹ̀rọ láti ilé tí wọ́n ti ṣe é. Ó sún mọ́ ìṣirò wa gan-an. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì ní ẹ̀tọ́ sí ìdùnnú náà.

Bí mo ṣe to páùn yẹn sílẹ̀ ní kóòdù rúùmù kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ fojú hàn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì náà. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń fi kún un, tí wọ́n ń gba owó, kò sẹ́ni tó wá ojú ibi tó ti ń jò. Mo wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì àti omi ọṣẹ. Nọ́ọ̀tì kan lára páìpù tó wọ inú evaporator, apá ẹ̀rọ tó ń mú inú yàrá tutù, ni, lẹ́bàá fáànù; ìgbọ̀nrìrì fáànù ti tú u díẹ̀díẹ̀. A gé ibẹ̀, a jó páìpù pọ̀ mọ́ra dípò kí á tún fi nọ́ọ̀tì dè é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gáàsì tí kóòdù rúùmù yẹn gbà kò tó nǹkan. Owó tí a fi ṣòfò sí inú afẹ́fẹ́ látẹ̀yìnwá ga ju owó agbaninímọ̀ràn lọ.

A kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀gá fọwọ́ sí i, a fi ránṣẹ́, ìpíndọ́gba wa kọjá mẹ́ta. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ètò náà dúró lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin gé owó EIA kù. Ó dùn mí. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í fi ìbéèrè ènìyàn ṣeré, a sì ti ń gbọ́n lórí iṣẹ́ náà.

Mo ń kọ èyí torí àwọn àbúrò tó ń ṣòwò kóòdù rúùmù ní Èkó àti Ìbàdàn tó ń bi mí ní ìbéèrè. Òfin Ìyípadà Ojú-Ọjọ́ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2021, abala 24, sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa jábọ̀ lọ́dọọdún lórí akitiyan wọn láti dín èéfín kù. Gbogbo wọn ló ń bi mí nípa dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀. Lítà kan ń tú carbon dioxide tó tó kílò méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹ kọ iye lítà tí ẹ rà sílẹ̀, ó tán. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ rà ni òṣùwọ̀n. Kí wọ́n gbé sìlíńdà sórí rẹ̀ kí onígáàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún gbé e sí i nígbà tó bá parí, kí òun fúnra rẹ̀ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ àti orúkọ ẹ̀rọ sórí ìwé owó, kí wọ́n tó kó owó lé e lọ́wọ́. Tí iye náà bá ń pọ̀ sí i lórí ẹ̀rọ kan, kí wọ́n má tún ra sìlíńdà mìíràn fún un títí wọ́n á fi rí ojú ibi tó ti ń jò.