Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òṣèlú tẹ́ ẹ rí lórí fóònù yín dáa àbí kò dáa

Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ òṣèlú tó gbóná lórí WhatsApp tàbí Facebook, kẹ́ ẹ tó pín in sí gúrúùpù ẹbí, ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ni wọ́n ń bú níbẹ̀ gan-an, ṣé ohun tẹ́ni yẹn ṣe ni àbí ibi tí wọ́n bí i sí. Tẹ́nì kan bá ní gómìnà náwó sí títì tá ò sì rí títì, kódà kó fi èébú díẹ̀ lé e, ó lẹ́tọ̀ọ́, owó gbogbo wa ni.

Àmọ́ ẹ rántí ìbò gómìnà l'Ékòó ní March 18, 2023. Igbo ni ìyá Gbadebo Rhodes-Vivour tó du ipò gómìnà nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ yìí làwọn kan gbé kiri orí Twitter dípò kí wọ́n bá a jiyàn lórí ètò tó ní fún Èkó, wọ́n tún ń sọ fáwọn Igbo pé tí wọn ò bá ní dìbò fẹ́ni táwọn fẹ́, kí wọ́n jókòó sílé. Nígbà tọ́jọ́ ìbò pé, wọ́n lé àwọn kan kúrò níbùdó ìdìbò torí ojú wọn, kódà Yorùbá wà nínú wọn tí wọ́n ní ó jọ Igbo. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un, ìdí tó fi ń dùn mí nìyẹn táwọn èèyàn bá ní òṣèlú lásán ni. Òfin Ìdìbò 2022 tí wọ́n fi dìbò yẹn gan-an, abala 92, ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi èébú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn polongo ìbò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pààrọ̀ orúkọ. Ẹ fi ẹ̀yà tiyín tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú yín síbi tí wọ́n kọ tẹlòmíì sí, kẹ́ ẹ tún un kà. Tó bá ta yín, kò dáa látìbẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ló le jù torí gbogbo wa la lẹ́ni tá à ń tì lẹ́yìn, àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ní June 2021, Ààrẹ Buhari mẹ́nu ba ogun abẹ́lé lórí Twitter, ó ní èdè tó yé àwọn tó ń da ìlú rú làwọn máa fi bá wọn sọ̀rọ̀, Twitter sì yọ ọ́. Tó bá jẹ́ èèyàn lásán ló sọ ọ́, ìbínú ni à bá pè é, àmọ́ ẹni tó láṣẹ lórí sójà ni, ìhàlẹ̀ nìyẹn. Ìjọba wá ti Twitter pa fún gbogbo Nàìjíríà títí di January 2022, èmi ò fara mọ́ ìyẹn náà, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Irọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ èsì ìbò, ẹ lọ wo ìwé èsì lórí IReV, ìyẹn ìkànnì tí INEC ń gbé èsì ibùdó ìdìbò sí, tó bá jẹ́ fídíò, ẹ wádìí ọjọ́ tí wọ́n ya á.

Tó bá jẹ́ àǹtí yín ló gbé e sí gúrúùpù, ẹ má dójú tì wọ́n níwájú ẹbí, ẹ pè wọ́n, "Àǹtí mi, ẹ má bínú mà, ọ̀rọ̀ yẹn lè kó bá àwọn aládùúgbò wa," wọ́n á gbọ́ bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀sí lọ. Tó bá sì jẹ́ ìhàlẹ̀ tó dárúkọ àdúgbò àti ọjọ́, ẹ ya àwòrán ẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́, ẹ fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ẹ má pín in kiri kódà láti fi bú ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀ ń bá a tàn án kálẹ̀ nìyẹn.